Ìdajì Yípo Tí Mo Fi Kún Bóòtù Dáàn

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìkòsí ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sínú ìwé ìròyìn wọn, mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ bí ẹni tó jáde yunifásítì ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Kétu, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó fi iṣẹ́ náà kọ́lé, tó sì fi tọ́ ọmọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ìyẹn nìkan, mo tún ti parọ́ nìyẹn, irọ́ kan tí mo pa nídìí iṣẹ́ yìí ló sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ṣágámù ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mo ti jáde iléèwé girama, owó yunifásítì kò sì tíì sí. Bàbá mi ní òun ò ní máa wo ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́, ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Ṣówándé tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá ọjà. Nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ni tíṣà ń gùn, òun ni nọ́ọ̀sì ń gùn, òun ni akọ̀wé kóòtù ń gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó ń dán, tó ní iná níwájú, èèyàn ńlá ni.

Ọ̀gá Ṣówándé kúrú, ó gbẹ, kì í pariwo. N kò rí i kó na ọmọ iṣẹ́ kankan rí. Ohun tó máa ń ṣe fún wa burú ju ẹgba lọ. Tí a bá to kẹ̀kẹ́ tán, á gbé e sókè dé àyà, á sì jù ú sílẹ̀ kí táyà méjèèjì gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá gbọ́ ohunkóhun tó mì, bó ti wù kó kéré tó, á ní, "Tú u." A ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, láti ọwọ́ dé pẹ́dà, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti to kẹ̀kẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́jọ́ kan rí, tí omi ń bọ́ lójú mi sórí ṣéènì.

Odindi oṣù méjì ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ oníbàárà. Ó da nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú garawa kan, ó fi aṣọ dì mí lójú, ó ní kí n máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ojú rẹ ti kàwé jù," ó ní. "Ọwọ́ rẹ kò tíì ka nǹkan kan."

Ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ló tó kọ́ mi ní bí a ṣe ń de bóòtù. Á dúró sí ẹ̀yìn mi. Tí mo bá ti dè é títí tó fi kọ̀ láti yí mọ́, á béèrè pé, "Ó ti dúró?"

"Ó ti dúró, sà."

"Fi ìdajì kún un."

Ìdajì yípo ni. Èèyàn á fi gbogbo èjìká tì í, irin á ké díẹ̀, á sì gbà. Irin ayé ìgbà yẹn ki, ó lágbára, ìdajì yìí ló sì ń mú kí ohun tí a bá dè má tú lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan láti Mákùn gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá kí a bá a tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ìyẹn irin tí a ń dì mú láti fi darí kẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n gbé e fún. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ àwọn tí yunifásítì gbà jáde nínú ìwé ìròyìn, ara mi ò sì balẹ̀. Mo dè é títí ó fi dúró, mo ju sípánà sílẹ̀, mo sáré lọ wá ìwé ìròyìn. N kò fi ìdajì kún un. Nírọ̀lẹ́, bí tíṣà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sílé rẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí sọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń lọ tààrà. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ló kán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá to àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀. Ó bi wá pé, "Ta ló ṣe kẹ̀kẹ́ tíṣà?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Àwọn méjì yòókù mọ̀ pé èmi ni, Ọ̀gá náà mọ̀. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí a tẹ̀lé òun. Nígbà tí a délé tíṣà, ọkùnrin tó dàgbà ju bàbá mi lọ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ wú.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín ni."

"Ọwọ́ mi ni," ó tún ní. "Kò sí ọwọ́ míì ní ṣọ́ọ̀bù mi."

A rìn padà. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ó na sípánà sí mi, ó ní, "Fi ìdajì kún un." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí bóòtù tí mo fọwọ́ kàn tí n kò fi ìdajì kún. Ìdajì yẹn ni mo mú nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ni n kò mú.

Ọdún yẹn náà ni mo wọ yunifásítì, mo lọ ka físíìsì. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Tí mo bá ń rántí àwọn ọdún yẹn, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ló gbé wọn. Mo rántí bí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ṣe ń gba inú igi kọjá tí a bá ń ti ilé ìkàwé bọ̀. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, tó máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ìjọ sí mi létí títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin. Mo sì rántí yàrá kan tí olùkọ́ wa ti so wáyà irin mọ́ ẹ̀rọ, tó ń fà á. Wáyà náà ń gùn, ó ń tínrín, ó pẹ́ kó tó já. Ó wá so ọ̀pá gíláàsì mọ́ ẹ̀rọ kan náà. Èyí kò gùn, kò tẹ̀. Ó dún "kẹ́", ohùn kékeré báyìí. Olùkọ́ ní, "Irin á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó kán. Èyí kò ní tẹ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ó ti parí." Wọ́n bi wá nípa rẹ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá, mo sì gbà á. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni kí ẹ má bàa gbè mí lẹ́yìn pé n kò mọ̀.

Mo ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó fún ọdún díẹ̀. Owó oṣù ń wọlé, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé tí mo bá jókòó sídìí tábìlì, ọwọ́ mi máa ń wá nǹkan tó máa dì mú. Nígbà tí Ọ̀gá Ṣówándé kú, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn sípánà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìkòsí ní Kétu. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko.

"Yunifásítì" ni wọ́n ń pè mí ní Kétu kí irun mi tó funfun, lẹ́yìn náà mo di "Bàbá Kẹ̀kẹ́". Ẹnìkejì mi lójú títì ni Fàtáì, fọganáísà tó ń lẹ táyà mọ́tò, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tí oníbàárà tuntun bá dé, á ní, "Ẹ má wulẹ̀ dúnàádúrà pẹ̀lú bàbá yìí o. Dìgírì ni wọ́n fi ń lẹ túbù."

Ayé kẹ̀kẹ́ yí lójú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tíṣà ni oníbàárà mi. Nígbà tí ọ̀kadà kún ìgboro, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sá lọ síbẹ̀, tàbí kí wọ́n lọ máa ta páàtì ní Owódé Onírin. Ó wá ku àwọn mẹ́gáádì Ògùdù, àwọn Hausa tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ọjà Mile 12, àti àwọn ọmọ olówó tí kẹ̀kẹ́ wọn ní jíà mọ́kànlélógún. Irin ń fúyẹ́ sí i. Sípánà tí mo jogún kò wọ ìdajì àwọn bóòtù tuntun mọ́. Mo kọ́ àwọn èyí náà fúnra mi, mo sì ń yangàn pé kò sí kẹ̀kẹ́ kankan ní Kósófẹ́ tó lè dójú tì mí.

Nínú àwọn ọmọ olówó yẹn ni Dáàn wà. Ará Họ́láǹdì ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà tó ń fi ọkọ̀ gbẹ́ yanrìn lábẹ́ omi, wọ́n ń gbé ní GRA Ògùdù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá nítorí ṣéènì tó já, ó sì dà bíi pé kò lọ sílé mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Orí táyà Fàtáì ló máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá, gbogbo èébú Fàtáì ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yìn kò fi ní máa dunni, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé táyà iwájú fò kọjá kòtò. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Họ́láǹdì. Ó ní òun fẹ́ di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gun kẹ̀kẹ́. Fàtáì ní kó tún sọ ọ́, pé bóyá òun ò gbọ́ dáadáa.

Ó ṣe é. Ìròyìn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ìyá rẹ̀. Ó ń pín ìwé ìròyìn láti ilé dé ilé ní àfẹ̀mọ́jú, kó tó lọ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin nínú òtútù. Ó borí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kan, ó ṣubú nínú méjì. Lẹ́yìn tí ọdún 2000 ti kọjá, tí fóònù alágbèéká ti dé ọwọ́ wa, ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ kékeré kan fún un ní ìwé àdéhùn ọdún méjì. Ó pè mí láti ibẹ̀. N kò gbọ́ ju ìdajì ohun tó sọ lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní Oṣù Kejìlá, lẹ́yìn ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, ó wá sílé kó lè máa gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn, nítorí yìnyín ti bo ojú ọ̀nà wọn. Ó ti ga, ó ti gbẹ bí ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló nípọn. Ó jókòó sórí táyà rẹ̀ àtijọ́, a sì ní kó ròyìn.

"Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, Bàbá, kò sí òkè," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ni òkè wọn. Iṣẹ́ mi ni kí n wà níwájú, kí n máa gba afẹ́fẹ́ sára fún ẹni tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó borí. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, màá padà sídìí mọ́tò ẹgbẹ́ wa, màá kó ìgò omi sínú aṣọ, màá sáré lé wọn bá."

Fàtáì gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ yìí, o fi Ògùdù sílẹ̀ lọ Họ́láǹdì lọ gbé omi? Kí lo fi yàtọ̀ sí mẹ́ruwà Mile 12?"

"Mẹ́ruwà kì í gbé e sáré, Uncle Fàtáì."

"Ipò kélòó lo wá ń gbà?"

"Ipò tó kẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò parí rẹ̀. Tí mo bá ti gba afẹ́fẹ́ tán, iṣẹ́ mi ti parí, wọ́n á fi mí sílẹ̀."

"Wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń gbẹ̀yìn," Fàtáì sọ fún mi. "Bàbá Kẹ̀kẹ́, a ti ṣi iṣẹ́ yàn."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fàtáì lọ dá oníbàárà lóhùn, Dáàn sún mọ́ mi. Ó ní ọdún kan ló kù nínú ìwé àdéhùn òun. Ní Oṣù Kìíní, gbogbo ẹgbẹ́ wọn máa péjọ síbi kan láti gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ ni ọ̀gá wọn á ti yan àwọn tó máa lọ sí ìdíje ńlá. Ọ̀gá náà ti sọ fún Dáàn pé òun ń wò ó. "Tí wọ́n bá yàn mí, wọ́n á fún mi ní ìwé míì. Tí wọn ò bá yàn mí, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa pe ẹni tó ń gbé omi."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ó gbé kẹ̀kẹ́ ìdíje rẹ̀ wá pẹ̀lú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun kan tí ẹgbẹ́ wọn fún un. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, ohun dúdú kan tó le bí irin, tó sì fúyẹ́ bí ọ̀pá ewúro. Ìyá rẹ̀ ń dúró dè é nínú mọ́tò, wọ́n fẹ́ lọ pàdé bàbá rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó gbé páálí pẹlẹbẹ kan lé mi lọ́wọ́. Bébà pupa ni wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀ pa.

"Bàbá, sípánà rẹ̀ nìyí. Tuntun ni, mi ò tíì ṣí i. Ìdíwọ̀n wà lára rẹ̀, wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Tó bá ti tó, á dún 'kàn' lọ́wọ́ yín. Tó bá ti dún, ẹ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má táìtì rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo ti gbọ́," mo ní.

Bí mọ́tò wọn ṣe lọ, Fàtáì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta tó ń gba afẹ́fẹ́ sí táyà ti dúró tì í. "Ẹ wá wo nǹkan. Òyìnbó ti gbé tíṣà inú páálí wá fún Bàbá Kẹ̀kẹ́. Á máa dún sí wọn létí pé, 'Ó tó, bàbá, ó tó.'"

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ ni látọjọ́ yìí?"

Mo gbé páálí náà sórí pẹpẹ tó wà lókè orí mi. Mo mú sípánà Ọ̀gá Ṣówándé èyí tó wọ̀ ọ́. Mo fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí àyè rẹ̀, mo de bóòtù àárín tó dì í mú. Nígbà tó dúró, mo wo Fàtáì lójú, mo ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Mo sì fi ìdajì kún un.

Ó dún "kẹ́".

Ohùn náà kéré. Ìró jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ariwo mọ́tò wà níbẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. Èmi gbọ́. Ọwọ́ mi pàápàá gbọ́. Mo mọ ohùn yẹn láti yàrá olùkọ́ wa. Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà mí láti tú u kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà ń pàtẹ́wọ́, Fàtáì ń sọ pé, "Ọ̀gá pátápátá." Mo sọ fún ara mi pé eruku ni. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè dé àyà bí Ọ̀gá ṣe máa ń ṣe, mo jù ú sílẹ̀, kò sí ohun tó mì. Mo fi aṣọ nù ún. Ní ọjọ́rọ̀, Dáàn wá gbé e, ó dúpẹ́, ó ní kí n bá òun tọ́jú sípánà náà di ọjọ́ tí òun máa padà lọ.

Ọjọ́ kejì, ó gùn ún dé Ìkòròdú, ó sì ń padà bọ̀. Ní Mile 12, àwọn tírélà ń já àlùbọ́sà, wọ́n gba ìdajì ọ̀nà, kòtò kan tí omi ẹlẹ́gbin kún inú rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó gbé táyà iwájú fò ó, bí mo ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí táyà náà balẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kán láàárín. Àwọn tó rí i ní ó ṣì di èyí tó kán mú nígbà tí orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Àwọn alábàárù gbé e sínú bárò tí wọ́n fi ń kó ata, wọ́n tì í sáré dé ọsibítù, wọ́n ń pariwo kí èèyàn yà lọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn ló wá pè mí.

Egungun èjìká rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún fọ́ sí mẹ́ta. Mo wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó kán náà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níbi tí bóòtù mi ti dì í mú gan-an ló ti fọ́, àmì rẹ̀ yí i po bí àmì eyín. Gbogbo àwọn tó wá kí i ń bú ìjọba nítorí kòtò Mile 12. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà bá wọn bú ìjọba.

Ọjọ́ kẹrin, ó fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi P.O.P. funfun tó le bí símẹ́ǹtì di ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Kò jókòó. Ó ní ẹgbẹ́ òun ti ní kí òun mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà bọ̀, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Ṣé ẹ lo sípánà yẹn?"

Fàtáì kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi àti ọmọ tí mo kọ́ ní kẹ̀kẹ́ nìkan ni.

"Mo lò ó," mo ní. "Ó dún, mo sì dúró."

Ó wo òkè orí mi fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé omijé ló ń fà mọ́ra.

"Ó dáa, Bàbá," ó ní. Mo nawọ́ kí n gbé páálí rẹ̀ fún un, ó dá mi dúró. "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa lò ó." Ó yí padà, ó lọ.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ ní Oṣù Kìíní láìsí òun níbẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí òjò ọdún náà fi fẹ́ dáwọ́ dúró. Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ wá dágbére fún mi, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti parí ní Èkó. Ó mú agolo bisikíìtì kan wá fún ìyàwó mi, ó ti kọ àdírẹ́sì wọn sórí bébà kékeré sínú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń fi ìka pa ìdérí agolo náà.

"Wọn ò fún Dáàn ní ìwé míì," ó ní. "Ó ti parí. Bàbá, nǹkan kan wà tí kò yé mi. Ó sọ fún mi pé ẹ lo sípánà yẹn, pé ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òun fúnra òun lòun dè é, pé òun ò lo sípánà kankan. Wọ́n ní ẹni tí kò lè tọ́jú kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, àwọn ò lè fọkàn tán an. Kí ló dé tó fi parọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ara rẹ̀?"

Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n dáhùn. Obìnrin náà gbà pé mo mọ ọmọ rẹ̀ ju òun lọ. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Àwọn ọ̀dọ́, Mummy. Èèyàn ò lè mọ inú wọn."

Nígbà tó lọ, mo gun àpótí, mo gbé páálí náà sílẹ̀ láti orí pẹpẹ. Eruku ti bò ó. Mo fọwọ́ nù ún. Bébà pupa náà wà lẹ́nu rẹ̀ digbí, kò ya, kò ká sókè ní igun kan. Ohun tí Dáàn ń wò lókè orí mi nìyẹn. Ó ti rí i kí n tó pa irọ́ náà tán. Ó dúró níwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ tó kán, ó sì ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó wá lọ dọ̀bálẹ̀ nítorí mi níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, bí Ọ̀gá Ṣówándé ṣe dọ̀bálẹ̀ nítorí mi nílé tíṣà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe é fún mi láyé. Èmi ò ṣe é fún ẹnì kankan rí, n kò tilẹ̀ ṣe é fún ẹ̀ṣẹ̀ ara mi.

Ọdún mẹ́rin ni mo tún fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ń yìn mí, wọ́n fi mí ṣe alága níbí, wọ́n pè mí wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Inú oṣù yẹn ni mo tó kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, ojú ewé kan péré: ohùn tí mo gbọ́, ohun tí mo sọ fún un, ohun tí n kò sọ fún ìyá rẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì inú agolo bisikíìtì.

Èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí kò kọ Yorùbá sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo dà á kọ síbí, mo kàn fi àmì ohùn sí i ni:

"Bàbá, mo ti rí lẹ́tà yín. Mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú P.O.P. Mo bi yín kí ẹ lè sọ ọ́ ni. Mo ti kúrò nínú ìdíje. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísinsìnyí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹ kí Uncle Fàtáì. Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ti ń lo sípánà yẹn?"

Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun dárí jì mí. Mo yí ìwé náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo fi ọ̀bẹ ya bébà pupa yẹn. Sípánà náà fúyẹ́, òróró ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ oníbàárà nílé mi mọ́, kẹ̀kẹ́ tèmi àtijọ́ nìkan ló fara ti ògiri, èyí tí mo gùn ní yunifásítì. Mo tú bóòtù ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń dè é padà díẹ̀díẹ̀. Ó dún "kàn". Mo dúró. Ọwọ́ mi ṣì fẹ́ fi ìdajì kún un, mo mọ̀ ọ́n lára pé ó fẹ́ ẹ, èjìká mi ti gbéra. Mo gbé sípánà náà kúrò, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.